Eyín Funfun: Ohun Tí Ó Ń Fọ̀ Ọ́ àti Ohun Tí Ó Ń Bà Á Jẹ́

Kí oòrùn tó yọ ni a ti ń pàdé àgbẹ̀ lójú ọ̀nà oko, àdá ní ọwọ́, orin ní ẹnu. Kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti ń run orin rẹ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì ń tu itọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ó ti ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tí kò bá tíì fọ ẹnu kì í lọ kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀, àlejò pàápàá a sì máa bèèrè omi àti orin kí ó tó jókòó ti ènìyàn. Ìmọ́tótó ẹnu kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá fún Yorùbá láti òkèèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹwà eyín. Nígbà tí a bá ń yin arẹwà, a máa ń sọ pé eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Ó dára kí ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ mú owó ẹyọ kan sí ọwọ́, kí ó sì wò ó dáadáa ní ojúmọmọ. Owó ẹyọ kò funfun bí ẹfun, kò sì funfun bí aṣọ àlà. Àwọ̀ rẹ̀ fara jọ ti wàrà tí ọ̀rá wà lórí rẹ̀; ó ń dán, ó sì pupa rúsúrúsú díẹ̀ ní abẹ́ dídán náà. Àwọ̀ eyín tí ó sàn nìyẹn gan-an. Àwọn àgbà tí wọ́n fi eyín wé owó ẹyọ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Eyín tí ó funfun bí ẹfun, tí kò sì dán, kì í ṣe eyín tí ara rẹ̀ dá. Ó lè jẹ́ eyín tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àgbẹ̀ kòkó, tí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ayàwòrán yóò wá, ìbátan yóò pé, òun yóò sì rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ó wo dígí, ó rí i pé eyín òun ti pọ́n. Ó bi ènìyàn mẹ́rin léèrè. Ìyá àgbà kan ní kí ó fi òroǹbó wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ra á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń gbé Èkó ní èédú tí a lọ̀ kúnná ni gbogbo ayé ń lò nísinsìnyí. Olóògùn ní ibùdókọ̀ fi ìgò kékeré kan hàn án tí a kò kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sí i lára, ó sì búra pé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta eyín náà yóò dà bí òwú. Ẹnì kẹrin ní kí ó ra hydrogen peroxide tí a fi ń wẹ ọgbẹ́, kí ó máa fi ṣan ẹnu ní alaalẹ́. Gbogbo wọn fi ìdánilójú sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi í pé kí ni ó sọ eyín rẹ̀ di pípọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè náà ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Eyín ní ipele mẹ́ta. Òde rẹ̀ ni èèpo kan tí ó le ju egungun lọ. Nínú gbogbo ara ènìyàn kò sí ohun tí ó le tó o. Èèpo yìí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé díẹ̀, bí dígí tí a mí èémí sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ara eyín gan-an wà, èyí tí ó pupa rúsúrúsú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń hàn láti abẹ́ èèpo. Ní àárín gbùngbùn ni ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gbé. Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí yìí: èèpo òde náà kì í hù padà. Bí awọ ọwọ́ bá bó, òmíràn a hù; bí egungun bá ṣẹ́, a máa jiná; ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe èèpo eyín nínú ara ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti kú, kí eyín tó yọ jáde láti inú èrìgì. Itọ́ ẹnu lè mú èèpo tí ó rọ̀ díẹ̀ le padà, ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti ha kúrò ti lọ títí láé. Bí èèpo bá sì ti ń tín-ín-rín, àwọ̀ pupa ti abẹ́ rẹ̀ ni yóò túbọ̀ máa hàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń fi agbára ha eyín rẹ̀ kí ó lè funfun, òun gan-an ni ó ń sọ ọ́ di pupa.

Àbàwọ́n tí ó wà lára eyín pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó wà ní òde, àti èyí tí ó wà nínú. Ti òde ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn àgbẹ̀. Obì ni ó ṣáájú. Ohun kan wà nínú obì tí ó máa ń mú ahọ́n gbẹ tí ó sì máa ń mú ẹnu fún pọ̀; irú rẹ̀ wà nínú tíì àti nínú èèpo igi púpọ̀, irú rẹ̀ kan náà sì ni àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń sọ awọ ẹran tútù di awọ tí ó tọ́ tí kì í jẹrà. Ohun tí ó lè pa awọ màlúù láró kò ní fi eyín sílẹ̀ bí ó ti bá a, pàápàá ní ẹnu ẹni tí ń jẹ obì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn obì ni tábà, yálà a mu ún tàbí a jẹ ẹ́, àti áṣáà tí àwọn kan ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ètè. Kọfí náà kò gbẹ́yìn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí irin wà nínú rẹ̀ a máa sọ eyín di dúdú, oògùn ìṣanu tí a ń pè ní chlorhexidine a sì máa mú àbàwọ́n wá bí a bá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí aláboyún tí a fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ má torí eyín dáwọ́ rẹ̀ dúró o. Kí ó mu omi lé e, kí ó sì fọ ẹnu lẹ́yìn náà. Ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì ju àwọ̀ eyín lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àwọ̀ eyín, tí kì í ṣe àwọ̀ rárá. Bí a kò bá fọ èérí tí ó rọ̀ lára eyín kúrò lójoojúmọ́, itọ́ yóò sọ ọ́ di líle bí òkúta láàrin ọjọ́ díẹ̀. Yóò gan mọ́ ìdí eyín, pàápàá lẹ́yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀, yóò pọ́n, tàbí kí ó dúdú, èrìgì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Orin kò lè yọ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì kò lè yọ ọ́, ọ̀bẹ kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Irinṣẹ́ dókítà eyín nìkan ni ó wà fún un. Ẹni tí irú nǹkan báyìí wà ní ẹnu rẹ̀ tí ó ń wá oògùn ìfunfun kiri dà bí ẹni tí ń kun ògiri tí ikán ti jẹ.

Nínú àwọn tí àbàwọ́n wọn wà nínú, ti ọjọ́ orí ni ó rọrùn jù láti lóye. Bí ènìyàn ti ń dàgbà ni èèpo ń tín-ín-rín tí ara eyín sì ń nípọn sí i, nítorí náà eyín arúgbó kò lè ní àwọ̀ eyín ọmọ ogún ọdún, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eyín kan ṣoṣo bá dúdú tàbí tí ó di àwọ̀ eérú láàrin àwọn tí ó kù, pàápàá lẹ́yìn tí ènìyàn ti ṣubú tàbí tí nǹkan ti gbá a ní ẹnu, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ń bẹ láàyè nínú eyín náà ti kú. Ó lè má dùn ún. Síbẹ̀ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí eyín tí ó ti kú lè máa kó ọyún jọ sí gbòǹgbò rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Dókítà lè wẹ inú rẹ̀ mọ́, kí ó dí i, lẹ́yìn náà kí ó sọ ọ́ di funfun láti inú wá. Kò sí ohun tí a fi ra òde rẹ̀ tí yóò kan ibi tí àwọ̀ náà wà.

Oògùn pẹ̀lú lè ba eyín jẹ́ kí ó tó yọ. Ní 1948 ni a kéde àkọ́kọ́ nínú ìdílé oògùn tí a ń pè ní tetracycline, ó sì gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ni àwọn dókítà rí i pé bí aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́rin bá lò ó, tàbí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, oògùn náà a máa wọnú eyín tí ó ṣì ń dàgbà, eyín náà a sì yọ pẹ̀lú ìlà pupa, ìlà àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ìlà àwọ̀ eérú tí kì í parẹ́. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń yẹra fún fífún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra oògùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ ọjà fún ọmọ rẹ̀, ta ni yóò kìlọ̀ fún un?

Omi mímu náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1901, ọ̀dọ́mọdé dókítà eyín kan tí ń jẹ́ Frederick McKay dé ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ẹnu sì yà á láti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí síbẹ̀ ni àbàwọ́n àwọ̀ ilẹ̀ wà lára eyín wọn. Àwọn ará ìlú ti ṣàlàyé rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ó rò. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi wá ìdí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó kó dé ìlú náà kò ní in, ó sì fura sí omi. Ní 1931 ni ọ̀gbẹ́ni H. V. Churchill, tí ó mọ̀ nípa yíyẹ omi wò, rí ohun tí ó fà á: fluoride ni, ohun kan tí ń jáde láti inú àpáta, ó sì ti pọ̀ jù nínú omi wọn. A ti rí irú eyín bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ní Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé eyín alábàwọ́n wọ̀nyí kì í tètè jẹrà. Láti inú àkíyèsí náà ni a ti mọ̀ pé fluoride díẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ń mú èèpo eyín le; òun ni ó sì wà nínú ọṣẹ ìfọyín títí di òní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọkọ ìyàwó àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ mẹ́rin.

Òroǹbó wẹ́wẹ́ ni ó burú jù nínú ohun tí a ń rí ní ilé, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó fi ra eyín yóò rí i pé ó funfun lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kíkan inú òroǹbó ti jẹ dídán èèpo eyín, ó sì ti sọ ojú rẹ̀ di fùlẹ̀fùlẹ̀ bí ẹfun. Ojú tí kò dán mọ́ yìí ni obì ọjọ́ kejì yóò tètè wọ̀, àbàwọ́n náà yóò sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá wá fi iyọ̀ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ha á nígbà tí kíkan náà ti mú un rọ̀, èèpo náà ni à ń ha dànù. Láìpẹ́ omi tútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní eyín. Kò burú láti jẹ ọsàn tàbí agbálùmọ̀ ní àkókò wọn. Èso dára fún ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ èso kíkan, kí ó fi omi ṣan ẹnu, kí ó sì dúró tó wákàtí kan kí ó tó fọ eyín, kí itọ́ lè rí àyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èédú kò kan bí òroǹbó, ṣùgbọ́n ó ń ha. Òótọ́ ni pé ó lè yọ àbàwọ́n òde díẹ̀. Iyanrìn náà lè yọ ọ́, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, èèpo eyín wà ní nǹkan bí 5, iyanrìn sì wà ní 7. Èyí tí ó le jù ni ó ń gé èyí tí ó rọ̀, gẹ́gẹ́ bí òkúta ìpọ́nbẹ ti ń jẹ irin. Kò sí ẹni tí ó mọ bí hóró èédú tí a lọ̀ nínú odó ilé ti kúnná tó, tàbí ohun tí ó dàpọ̀ mọ́ ọn. Ní 2017 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kó gbogbo ìwádìí tí a ti ṣe lórí èédú ìfọyín jọ, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó tó pé ó ń ṣiṣẹ́ tàbí pé kò léwu. Eérú àti bíríkì tí a lọ̀ wà lábẹ́ ìdájọ́ kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé aláìmọ̀kan nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Akéwì Róòmù tí ń jẹ́ Catullus, tí ó gbé ayé kí a tó bí Jésù, fi Egnatius ará Sípéènì ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ìtọ̀ ni ó fi ń fọ eyín rẹ̀ tí ó ń fi rẹ́rìn-ín kiri. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn onígbàjámọ̀ a máa fi ayùn ha eyín ọlọ́lá, wọn a sì fi ásíìdì pa á kí ó lè funfun. Ó ń funfun lóòótọ́, lẹ́yìn náà ó ń jẹrà. Ní Japan ẹ̀wẹ̀, títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dúdú ni àwọn obìnrin tí wọ́n ti lọ́kọ ń kun eyín wọn, òun ni ẹwà lójú wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá a rí àwọn tí ń san owó kí a fi ayùn pín eyín iwájú wọn kí wọ́n lè ní èjí. Èjí tí a bí mọ́ni kò ṣe eyín ní nǹkan. Èyí tí a fi ayùn là, ihò ni ó ṣí sílẹ̀.

Ìgò ibùdókọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a kì í fi sí ẹnu. Ẹni tí ó ti rí ohun tí ìpara ìbóra tí kò ní orúkọ ti sọ awọ ara àwọn ènìyàn dà, kí ó rántí pé awọ ṣì lè hù, ṣùgbọ́n èèpo eyín kì í hù.

Ti hydrogen peroxide yàtọ̀, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òun ni ohun tí àwọn dókítà fúnra wọn ń lò, nítorí kì í ha eyín. A máa wọ inú èèpo lọ, a sì máa fọ́ ohun tí ó mú àwọ̀ wá sí wẹ́wẹ́. Ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n jọni lójú. Láàrin 1960 sí 1969, dókítà kan tí ń tọ́ eyín ní Fort Smith, ìpínlẹ̀ Arkansas, fún àwọn tí ó ń tọ́jú ní oògùn èrìgì kan tí irú ohun yìí wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa fi sínú ìdèyín wọn ní alẹ́. William Klusmier ni orúkọ rẹ̀. Èrìgì wọn jiná, ó sì rí i pé eyín wọn funfun pẹ̀lú. Ní 1989 ni Haywood àti Heymann kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo dókítà eyín ní ayé. Ohun tí wọ́n ń lò ni carbamide peroxide, 10 nínú 100, èyí tí ó ń mú hydrogen peroxide jáde ní nǹkan bí 3.5 nínú 100. Dókítà a kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò, a dí ihò eyín tí ó bá wà, a sì ṣe àwo tínrín kan tí ó bá eyín ẹni náà mu rẹ́gí, kí oògùn má baà ṣàn kan èrìgì. Ẹni náà yóò máa fi sí ẹnu ní alẹ́ nínú ilé rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Eyín lè máa ta díẹ̀ ní àkókò náà. Bí a bá sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, a máa lọ. Eyín àtọwọ́dá àti ohun tí a fi dí ihò kì í yí àwọ̀ padà, nítorí náà ẹni tí ó ní in níwájú gbọdọ̀ mọ̀ ṣáájú. Kò yẹ fún aláboyún tàbí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún.

Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń wẹ ọgbẹ́, tí a sì ń bù sí ẹnu bí omi, kò ní àwo, kò ní ìwọ̀n, kò sì ní ẹni tí ó yẹ ẹnu wò. A ń tà á ní 3 nínú 100 àti ní 6 nínú 100, èyí tí àwọn onírun ń lò sì lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ. A máa jó èrìgì, a máa wọ inú eyín tí ó ní ihò lọ bá iṣan, ẹni tí ó bá sì ṣèèṣì gbé e mì wà nínú ewu. Láti òpin oṣù kẹwàá 2012 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ti fi dè é pé ohunkóhun tí ó bá ní ju 0.1 nínú 100 lọ, títí dé 6, dókítà eyín nìkan ni a lè tà á fún, òun ni yóò sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ lò ó fún aláìsàn.

Kí ni ó wá kù fún ilé tí ó jìnnà sí dókítà? Ó kù púpọ̀, kò sì wọ́n.

Orin ṣì wà. Orin ata tí ó máa ń ta ahọ́n tí ó sì ń mú ẹnu kú díẹ̀, pákò Ìjẹ̀bú, orin ìdí: ìwọ̀nyí kì í ṣe igi lásán, nítorí àwọn onímọ̀ ti rí i nínú ìgò ìdánwò pé omi wọn ń dí àwọn kòkòrò ẹnu lọ́wọ́. Ní 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ènìyàn tí ó ní àṣà rírun orin níyànjú pé kí wọ́n máa bá a lọ. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ wà ní ọwọ́ ẹni tí ń lò ó. Ọ̀pọ̀ a máa gún iwájú nìkan, síwá sẹ́yìn, bí ẹni ń fi ayùn gé igi, títí èrìgì yóò fi sún sókè tí ìdí eyín yóò sì ní kòtò. Wọn kò ní rántí ẹ̀yìn eyín láéláé. Kí a run ẹnu orin títí yóò fi di òwú rírọ̀, kí a máa fà á láti ibi èrìgì wá sí ẹnu eyín, lóde àti ní inú, jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kejì kí a gé èyí tí a lò dànù, kí a run ibi tuntun.

Orin kò ní fluoride tó, nítorí náà kí ẹni tí ó bá lágbára rẹ̀ fi ọṣẹ ìfọyín kún un, èyí tí a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fluoride inú rẹ̀ wà láàrin 1000 àti 1500 ppm. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó rà. Èyí tí ó le kò fọ eyín mọ́ jù, ó kàn ń ha ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ìṣẹ́jú méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, èyí tí a bá sì fọ̀ kí a tó sùn ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí itọ́ kì í pọ̀ ní ẹnu ẹni tí ó sùn. Lẹ́yìn náà kí ó tu fọ́ọ́mù náà dànù, kí ó má fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọṣẹ náà kò gbọdọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ohun kan tí yóò yọ àbàwọ́n obì ní ilé láìṣe eyín ní ibi, kí ó wá sódà funfun tí àwọn tí ń ṣe kéèkì ń lò. Kì í ṣe kán-ún ìdáná, kì í sì í ṣe sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ, èyí tí ó lè jó ẹnu. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, sódà kéèkì wà ní 2.5, ó rọ̀ ju èèpo eyín lọ, kò sì kan. Kí a fi omi díẹ̀ pò ó, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lò ó jẹ́jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀, kí a sì tún lo ọṣẹ ìfọyín gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Kò ní yí àwọ̀ inú padà. Kí a má sì pò ó mọ́ òroǹbó gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń kọ́ni. Ìyẹn ni gbígbé olè wọ inú ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Bí ihò bá wà, bí eyín kan bá yàtọ̀ sí àwọn ìyókù, bí ẹfun kékeré bá hàn ní ìdí eyín, tàbí bí egbò tàbí àbàwọ́n funfun kan bá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ń jẹ tábà tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a jáwọ́ nínú ìfunfun, kí a gba ilé ìwòsàn lọ. Ilé ìwòsàn eyín wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba.

Ní ti ọkọ ìyàwó wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní kí ó lọ bá dókítà eyín kí ó há ohun líle tí ó gan mọ́ ìdí eyín kúrò. Ó ṣeé ṣe kí ó rí i níbẹ̀ pé obì ni gbogbo rẹ̀, kí ó sì padà sílé pẹ̀lú eyín tí ó ti gbàgbé pé òun ní. Bí ó bá ṣì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tí dókítà sì gbà, kí ó lo àwo alẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, kí eyín rẹ̀ lè sinmi kí ọjọ́ náà tó kò. Láàrin àkókò yìí kí ó dín obì kù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdána, wọn yóò gbé àwo obì síwájú ìdílé méjèèjì, wọn yóò pa á, wọn yóò sì nà án sí i. Kí ó jẹ obì náà, kí ó sì fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.